Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn akọ̀ròyìn abúlé: ṣé Zoom lè ṣiṣẹ́?

Ọmọ Tákìé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oníròyìn. À ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún akọ̀ròyìn 15 tó ń fìròyìn ránṣẹ́ sí rédíò ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti Ìkòyí-Ilé, Ajáàwà àti Ìrẹsà-Adù. Fóònù wọn kéré, iná ò dúró, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀. Zoom ni olùkọ́ fẹ́ lò, wákàtí méjì ní gbogbo Sátidé. Ṣé ó máa bọ́ sí i?

Oníṣirò:
Kò lè bọ́ sí i. Ìpàdé Zoom oníwòran tí èrò pọ̀ níbẹ̀ lè jẹ 800MB sí 2.4GB ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́jọ ti lé ní 6GB fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ ò tíì ka èyí tó já tí wọ́n tún wọlé.
WhatsApp ni kẹ́ ẹ lò. Kí olùkọ́ ka ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ohùn, ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún fún kókó kan. Tẹ́ ẹ bá fi pa mọ́ bíi MP3 mono 32kbps (fáìlì ohùn tí wọ́n fún pọ̀ kó má jẹ dátà), kì í tó 15MB fún odidi wákàtí. Kí admin nìkan máa fi nǹkan sí gúrúùpù ẹ̀kọ́, kẹ́ ẹ ṣí òmíì fún ìbéèrè. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àdúrà àárọ̀ àti "ẹ kú ọjọ́ ìbí" á bo ẹ̀kọ́ mọ́lẹ̀.

Ìyá Stúdíò:
Iṣẹ́ àṣetiléwá ló máa ń da irú ètò yìí rú. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ìròyìn ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú ohùn èèyàn méjì tọ́rọ̀ kàn, kí ọ̀kan má jẹ́ olóṣèlú. Kí wọ́n má fi voice note gbà á, torí WhatsApp máa ń fún ohùn yẹn pọ̀. App ìgbohùnsílẹ̀ inú fóònù ni kí wọ́n lò, kí wọ́n wá fi ránṣẹ́ bíi Document. Kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ airplane mode, kí ìpè má gé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Kí fóònù wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Tó bá kọjú sí ẹnu gan-an, èémí á máa lu ú. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń pariwo, inú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ sàn ju pálọ̀ tí kò ní kọ́tìnnì lọ.
Kí olùkọ́ má kàn sọ pé "ó dáa". "Ní sẹ́kọ́ǹdù 20, ẹ ò sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀": irú èsì tó ń túnṣẹ́ ṣe nìyẹn.

Oníṣirò:
Ti iná: power bank 10,000mAh ò lè fi iná kún fóònù 5,000mAh lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀ ni, torí ara rẹ̀ ló ń jẹ ìyókù.

Akàwé:
Knight Center ti Yunifásítì Texas ní Austin, ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣe kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún akọ̀ròyìn láti 2012. Ẹ má kàn ju líǹkì sí wọn. Kí ẹnì kan tó ní dátà wa ọ̀rọ̀ inú fídíò náà sílẹ̀ (download), kó sì pa àpẹẹrẹ Amẹ́ríkà dà. Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìwé ìjọba, òfin FOI ọdún 2011 tiwa (tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba) ni kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn: bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ẹ̀, àti pé ọjọ́ méje ni ọ́fíìsì ní láti fèsì.

Ọmọ Tákìé:
Ẹ ṣé gan-an. Àwọn méjì tó ń lo fóònù onítọ́ọ̀ṣì ńkọ́?

Ìyá Stúdíò:
Mẹ́mórì kádì, kẹ́ ẹ fi rán dírẹ́bà tó ń lọ. MP3 ni kẹ́ ẹ kó sí i o, fáìlì .opus tí WhatsApp ń lò fún voice note kì í ṣí lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀.