Éjéǹtì ní kí n san 380 Yúrò torí tránsífà sí ìdí ọkọ̀ ojú omi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ìyá Ìbejì (Adó-Èkìtì):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì nílé lóko. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á, inú ló ń bí mi. Mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ krúùsì kan ni, ìrìn àjò afẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá. Éjéǹtì tó ń bá wa ṣètò ẹ̀ níbí ní Adó, a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni o, ìgbà tí ìyàwó ẹ̀ bímọ èmi ni mò ń lọ wẹ ọmọ fún wọn láàárọ̀ lálẹ́. Mo ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ò lè fi mí ṣe jẹ. A san owó ọkọ̀ ojú omi, a san owó báàlù, físà jáde, mo rán aṣọ, títí kan èyí tí a máa wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń ní kí gbogbo èèyàn múra nínú ọkọ̀ yẹn, aṣọ òfì ni mo ní kí wọ́n rán, tẹ́lọ̀ ò sì jẹ́ kí n rímú mí torí ó ní mo ti sanra ju ti ìgbà tó wọ̀n mí lọ. Àfi bó ṣe di alẹ́ àná, mo ti fẹ́ sùn, mésèèjì wọlé lórí WhatsApp. Ó ní tránsífà ò sí nínú owó tí a san, pé 380 Yúrò ni. Mo ní kí ló ń jẹ́ tránsífà. Ó ní mọ́tò tó máa gbé wa láti ẹ́pọ́ọ̀tì lọ sí ìdí ọkọ̀ ojú omi. Mọ́tò lásán! Mo ṣe é sí náírà, ó lé ní 600,000. Tí n bá ní kí dẹ́rẹ́bà gbé mi láti Adó lọ Èkó, kó dúró jẹ iyán lọ́nà, kó tún gbé mi padà, ṣé ó máa tó bẹ́ẹ̀?

Ọkọ mi ní kí n san án kí ilé tòrò. Ọkọ mi ò mọ iye tí wọ́n ń ta apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì kan ní Erékèsán, ìyẹn ló ṣe lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ krúùsì rí, ṣé bí wọ́n ṣe ń gbà á nìyí? Ṣé a ò lè débẹ̀ ká kàn dá táksì dúró? Àbí kí n yọ ọwọ́ ẹ̀ kúrò kí n máa ṣe é fúnra mi? Ẹ má sọ pé kí n ṣe sùúrù, sùúrù ti tán.

Délé Ìkọ̀lé:
Olè pọ́ńbélé. Bákan náà ni gbogbo éjéǹtì. 380 fún èèyàn méjì? Ẹ má san kọ́bọ̀.

Àǹtí Rónkẹ́:
Ìyá Ìbejì ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Èmi tí mò ń gbé Southampton, ìgbà gbogbo ni mò ń rí àwọn tó ń wá wọ krúùsì níbí, ọ̀pọ̀ wọn kì í lo éjéǹtì. Tẹ́ ẹ bá balẹ̀ sí Heathrow, bọ́ọ̀sì National Express wà ní Central Bus Station tó ń bọ̀ wá síbí tààrà, bíi wákàtí méjì ẹ ti dé. Àbúrò ọkọ mi àti ìyàwó ẹ̀ wá láti Ìdó, mo ní kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni lówó, bí wọ́n ṣe wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn, mo se ẹ̀fọ́ rírò dè wọ́n, wọ́n sùn mọ́jú, táksì ló gbé wọn dé ìdí ọkọ̀ lówùúrọ̀. Ohun tẹ́ ẹ kàn máa kíyè sí ni pé ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí níbí kì í ṣe ẹyọ kan, Ocean wà, City wà, Mayflower wà, QEII wà, Horizon náà wà, ẹ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì yín wò kí táksì má lọ já yín sí ibòmíì. Ẹ̀fọ́ ń dúró dè yín o.

Tísà Ìjerò:
Àǹtí Rónkẹ́, ta ló sọ fún yín pé England ni wọ́n ń lọ? Ìyá Ìbejì, ẹ ti kọ̀wé gígùn, ẹ sọ̀rọ̀ tẹ́lọ̀, ẹ sọ̀rọ̀ tòmáàtì, ẹ ò sọ ohun tí a fi lè ràn yín lọ́wọ́. Ìlú wo? Èbúté wo? Èèyàn mélòó? Báàlù yín máa balẹ̀ ní aago mélòó, ọkọ̀ ojú omi máa ṣí ní aago mélòó?

Ìyá Ìbejì:
Rome ni sà. Àǹtí Rónkẹ́ ẹ ṣeun, ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire. Délé, má bú u báyẹn jọ̀ọ́, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Èmi tó ṣẹ̀ ni mo lè bú u.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Mà, àárín Rome ò sí létí òkun. Tí wọ́n bá kọ Rome sínú ìwé krúùsì, Civitavecchia ni wọ́n ń sọ, ìlú ọ̀tọ̀ ni, bíi kìlómítà 80 sí Rome, ó jìn ju Adó sí Àkúrẹ́ lọ dáadáa. Ẹ́pọ́ọ̀tì Fiumicino gan-an ò sí láàárín Rome. Tí mọ́tò bá gbé yín láti Fiumicino lọ síbẹ̀ tààrà, bíi wákàtí kan ni tí ọ̀nà ò bá dí. Torí náà kì í ṣe táksì tí ẹ máa na ọwọ́ sí bíi kẹ̀kẹ́ ní Fájúyì.

Ìyá Ìbejì:
Ha! Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Rome ló sọ. Ẹ rí irọ́ báyìí?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Kì í ṣe irọ́ mà, bí àwọn oníkrúùsì fúnra wọn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Sìstá Bọ́lá:
Tréènì ni kẹ́ ẹ wọ̀! Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ̀ ọ́. Inú ẹ́pọ́ọ̀tì Fiumicino ni tréènì wà, ẹ máa wọ èyí tó ń lọ sí Trastevere, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ wọ òmíràn tó ń lọ sí Civitavecchia. Ìgbà tí a lọ, owó méjèèjì pọ̀ kò ju bíi 13 Yúrò lọ fún ẹnì kan. Kẹ́ ẹ má lọ wọ tréènì tí wọ́n ń pè ní Leonardo Express o, Termini láàárín Rome ló ń lọ ní tiẹ̀, owó ẹ̀ sì wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ti dé Civitavecchia, bọ́ọ̀sì kan máa gbé yín láti ìdí tréènì lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní Largo della Pace, láti ibẹ̀ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ máa gbé yín wọ inú èbúté títí dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá tẹ̀ sórí ìwé fún yín, ẹ kọ́kọ́ lọ lù ú lójú ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kẹ́ ẹ tó wọlé. Wọ́n mú ọkùnrin kan lójú wa, tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ ẹ̀ o, kò lù ú, wọ́n gbowó ìtanràn lọ́wọ́ ẹ̀, gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ ò wọ̀ wọ́n létí.

Délé Ìkọ̀lé:
Ẹ ò rí i? 13 Yúrò lọ́nà méjì, 26. Òun ń gba 380. Mo ti sọ ọ́, olè ni.

Alágbà Ọ̀yẹ́:
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ẹni tí kò tíì lọ Ìkógòsì rí, tí ò mọ ọ̀nà ibi omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, òun ló ń san Yúrò lórí omi òkun. Odò Ẹ̀rò wà ní Ìkùn, ẹ ò lọ wo ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sinmi sí ulé.

Sìstá Bọ́lá:
Bàbá, ẹ kú àgbà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tránsífà là ń sọ.

Kúnlé Ìkẹ́rẹ́:
Éjéǹtì lèmi náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n fọhùn, Délé má tíì bú mi. Ọ̀nà mẹ́ta ni tránsífà ń gbà wá. Ẹ lè rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, orí ni wọ́n ń kà níbẹ̀, ẹ ó sì jókòó sínú bọ́ọ̀sì ńlá de àwọn tí báàlù wọn ò tíì balẹ̀. Ẹ lè ní kí éjéǹtì bá yín háyà mọ́tò tiyín, iye mọ́tò ni wọ́n ń gbà, wọn kì í ka orí, ẹnì kan ni o, ẹni mẹ́fà ni o, owó kan náà. Tàbí kẹ́ ẹ dá a ṣe. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó pe èèyàn lólè, kí Ìyá Ìbejì fi mésèèjì yẹn hàn wá: èèyàn mélòó, lílọ nìkan ni àbí lílọ àti bíbọ̀, ṣé dẹ́rẹ́bà máa dúró pẹ̀lú orúkọ wọn lọ́wọ́ níbi tí èrò ń gbà jáde, tí báàlù bá pẹ́ ńkọ́, wákàtí mélòó ló máa dúró kó tó máa lọ.

Délé Ìkọ̀lé:
Éjéǹtì ń gbèjà éjéǹtì.

Kúnlé Ìkẹ́rẹ́:
Ṣé o ti wọ krúùsì rí?

Délé Ìkọ̀lé:
Ṣé mo ní láti jalè kí n tó dá olè mọ̀ ni?

Ádímìn:
Ẹ má jà síbí o.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ará, èmi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ohun tó kọ rèé: "Ẹ káalẹ́ mà. Mọ́tò oníjókòó 8, láti Fiumicino dé èbúté, àti láti èbúté padà sí Fiumicino lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sọ̀. Èèyàn 6, ẹrù gbogbo, pẹ̀lú wíìṣíà Màmá. 380 Yúrò, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀." Òun nìyẹn. Ẹ ò rí i bó ṣe kọ ọ́ bíi pé owó gààrí ni?

Tísà Ìjerò:
ÈÈYÀN MẸ́FÀ?

Sìstá Bọ́lá:
Wíìṣíà kẹ̀!

Kúnlé Ìkẹ́rẹ́:
Lílọ àti bíbọ̀. Ẹ pín in sí mẹ́fà, ẹ tún pín in sí méjì, kò tó 32 Yúrò fún orí kan lọ́nà kan. Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá Ìbejì:
Kí ló kan iye èèyàn nínú ẹ̀? Èmi àti ọkọ mi, àwọn ìbejì, Màmá mi àti àbúrò mi obìnrin tó ń tọ́jú wọn. Ọjọ́ìbí Màmá la fẹ́ fi ṣe. Eékún ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n lè rìn díẹ̀, wíìṣíà yẹn torí ìrìn gígùn ni. Mo ní "wa" látìbẹ̀rẹ̀, mi ò sọ pé èèyàn méjì, Délé ló sọ ọ́.

Sìstá Bọ́lá:
Mà, mo kó ọ̀rọ̀ tréènì mi nílẹ̀. Àwa méjì tí kò ní ju báàgì kọ̀ọ̀kan la wọ̀ ọ́ o. Kẹ́ ẹ máa gbé Màmá sọ̀ kalẹ̀ ní Trastevere, kẹ́ ẹ máa wá ibi tí tréènì kejì ti ń gbéra, ẹrù èèyàn mẹ́fà nílẹ̀, ẹ má dán an wò. Ẹ má sì gbà fún àwọn tó máa wá bá yín nínú ẹ́pọ́ọ̀tì pé táksì làwọn o, táksì gidi wọn funfun ni, ìta ló ń tò sí.

Tísà Ìjerò:
Ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè mi kan. Aago mélòó?

Ìyá Ìbejì:
Tísà, kì í rẹ̀ yín. Báàlù wa máa balẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi máa ṣí ní aago méje alẹ́. Ọjọ́ kan náà ni. Wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín wọn, ó pọ̀ tó.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Yéè.

Tísà Ìjerò:
Ìyá Ìbejì, ẹ fi 380 Yúrò sílẹ̀, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkọ̀ tó bá máa ṣí ní aago méje kì í gba èrò títí di aago méje. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń ti ilẹ̀kùn ní wákàtí kan tàbí wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú. Ẹ balẹ̀ ní mẹ́ta kọjá, ẹ tò síbi tí wọ́n ti ń tẹ páásípọ́ọ̀tù, ìlà àwọn tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù lẹ máa tò sí, ẹ dúró de ẹrù, ẹ dúró de wíìṣíà, tó bá yá kíá aago márùn-ún ku díẹ̀. Wákàtí kan lójú ọ̀nà. Ìyẹn tí báàlù ò bá pẹ́ rárá o. Ta ló ra báàlù yẹn, ilé-iṣẹ́ krúùsì ni àbí ẹ̀yin?

Ìyá Ìbejì:
Éjéǹtì ló rà á lọ́tọ̀. Ṣé wọn ò ní dúró dè wá ni, èèyàn mẹ́fà tó ti sanwó?

Kúnlé Ìkẹ́rẹ́:
Mo ní mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ àmọ́ mo máa sọ̀rọ̀. Wọn ò ní dúró mà. Tó bá jẹ́ ọwọ́ wọn lẹ ti ra báàlù àti tránsífà, wọ́n á máa tọpa yín, wọ́n á sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Ẹni tó bá dá tiẹ̀ ṣe, owó ara ẹ̀ ló máa fi lé ọkọ̀ bá ní èbúté kejì. Ẹ fò, ẹ sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, èèyàn mẹ́fà. Irú éjéǹtì wo ló to báàlù báyẹn? Níbi tí mo bá a wí sí nìyí.

Ìyá Ìbejì:
Ó sọ ọ́ o. Ó ní ká gbéra ní ọjọ́ kan ṣáájú ká sùn síbẹ̀. Èmi ni mo ní rárá, torí owó hòtẹ́ẹ̀lì yàrá mẹ́ta. Ṣùgbọ́n òun ló mọ iṣẹ́, ó yẹ kó tẹnu mọ́ ọn. Mo sọ rárá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní "ó dáa mà". Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn?

Délé Ìkọ̀lé:
Tẹ́ ẹ bá wẹ ọmọ mi láàárọ̀ lálẹ́, èmi náà ò ní lè bá yín jiyàn.

Àǹtí Rónkẹ́:
Ká ní Southampton ni, wọn ì bá sùn sílé mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Tísà Ìjerò:
Ẹ ní kó yí báàlù sí ọjọ́ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sì sùn ní Civitavecchia fúnra ẹ̀. Tó bá di ọ̀la, ìdí ọkọ̀ ò ní jìnnà sí yín mọ́. Màmá á ti sùn, á ti jẹun. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú físà yín kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun, ọjọ́ tí wọ́n kọ pé ó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa ṣí gan-an ni, ẹ ò lè wọlé lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kẹ́ ẹ wo ti ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà o, ẹ má wo tiyín nìkan.

Sìstá Bọ́lá:
Láti Adó dé Ìkẹjà ńkọ́? Ìgbà wo lẹ fẹ́ gbéra?

Ìyá Ìbejì:
Òwúrọ̀ ọjọ́ tí báàlù máa gbéra. Alẹ́ ni báàlù.

Sìstá Bọ́lá:
Kí tírélà kan wá ṣubú ní ọ̀nà Ìbàdàn? Ẹ lọ sùn l'Ékòó. Tàbí kẹ́ ẹ wọ báàlù láti Àkúrẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti wo físà. Ti gbogbo wa ló ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, Ọlọ́run ṣeun. Mo ti pe éjéǹtì, ó ní òun á béèrè iye tí wọ́n máa gbà láti yí tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ohùn ẹ̀ ò dùn, bóyá ẹnì kan nínú gúrúùpù yìí ti lọ fi ohun tí mo kọ hàn án. Mo sọ fún un pé mo máa san 380 yẹn ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé tí báàlù bá pẹ́ dẹ́rẹ́bà ò ní lọ, kó kọ nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà náà sí i. Ó ní kò burú. Mo ní kó yọ 30 Yúrò. Kò tíì dáhùn.

Délé Ìkọ̀lé:
Tó bá dáhùn, ẹ bá mi béèrè iye tí Barcelona máa jẹ́ fún èmi àti ìyàwó. Ẹ má dárúkọ mi o.