Ẹ̀yin tí ẹ mọ Báàkásì, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Adé Ìgbókòdá: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Báàkásì, ilẹ̀ etí òkun tó wà láàárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, tàbí tí ẹ ṣòwò níbẹ̀, báwo ni nǹkan ṣe rí nígbà tí wọ́n fa gbogbo ilẹ̀ náà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ ní 2008?

Ìyá Ẹlẹ́dé: Abana, ní Báàkásì, ni mo ti ń ra edé wá sí Kàlábà. Àwọn Ẹ́fíìkì wà níbẹ̀, àwọn Ìlàjẹ náà wà létí omi. Kí ọjọ́ tó pé ni ọ̀pọ̀ ti ń di ẹrù. Ẹni tó ń yan edé fún mi ní òun ò lọ. Ibẹ̀ ló sin ìyá rẹ̀ sí.

Ọmọ Ayétòrò: Ìyá, bàbá mi náà ò lọ. Ó sanwó ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fún un níwèé. Lọ́jọ́ kan àwọn aláṣọ ìjọba kan dá a dúró lójú omi, ó yọ ìwé náà, wọ́n ní kò wúlò. Wọ́n tú ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àjẹ̀ ló fi tukọ̀ délé.

Ṣọlá: Olúwa ò!

Lọ́yà Ìbàdàn: Ohun tí àdéhùn Greentree, èyí tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ṣe lórí Báàkásì, kọ̀ gan-an nìyẹn. Ọbásanjọ́ àti Paul Biya, ààrẹ Kamẹrúùnù, fọwọ́ sí i ní 12 June 2006. Abala kẹta ní Kamẹrúùnù ò gbọdọ̀ lé àwọn ará wa, kò gbọdọ̀ fipá sọ wọ́n di ọmọ Kamẹrúùnù, kò sì gbọdọ̀ dá wọn lẹ́kun ẹja pípa.

Ọmọ Ayétòrò: Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ka abala kẹta lójú omi?

Bàbá Túndé: Gowon ló fa gbogbo rẹ̀. Àdéhùn ààlà tó bá Kamẹrúùnù ṣe ní Maroua, 1975!

Lọ́yà Ìbàdàn: Bàbá, ẹ má bínú, ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ti 1913, tó fi Báàkásì sọ́dọ̀ Jámánì tó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù nígbà náà, ni ilé ẹjọ́ àgbáyé gbé ìdájọ́ 2002 lé, tó ní Kamẹrúùnù ló ni Báàkásì. Nàìjíríà mú àdéhùn 1884 wá, èyí tí àwọn ọba Kàlábà bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe, pé ẹni tó ní òun wá dáàbò bò wá ò láṣẹ láti fi ilẹ̀ wa tọrẹ. Ilé ẹjọ́ ò gbà.

Bàbá Túndé: Ṣé wọ́n bi àwọn tó ń gbébẹ̀?

Lọ́yà Ìbàdàn: Wọn ò bi wọ́n, sà.

Bàbá Túndé: Ìjọba tí wọn ò bi wọ́n léèrè kó tó dé, tó tún ń gba ohun tí wọ́n fi ń jẹun, kí ni wọ́n fẹ́ tìtorí ẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un?

Kúnlé: Ṣé kí a jagun ni, bàbá? Àwọn ọmọ ogun Kamẹrúùnù pa ọmọ ogun wa márùn-ún ní 1981, díẹ̀ ló kù kí ogun bẹ́ sílẹ̀.

Bàbá Túndé: Ta ló sọ ogun? Ìbò ni mò ń wí.

Ṣọlá: Àwọn tó padà sílé ńkọ́? Cross River ni mo ti sin ìlú. Inú kíláàsì ni mo bá ìdílé àwọn kan tó ń sùn, àwọn tí ìjọba tiwa ṣèlérí ilé fún.

Ìyá Ẹlẹ́dé: Òótọ́ ni. Ẹlòmíì nínú wọn tún padà lọ.

Ọmọ Ayétòrò: Lọ́yà, ibo lèèyàn lè fẹjọ́ sùn sí?

Lọ́yà Ìbàdàn: Àdéhùn náà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó tọpasẹ̀ rẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Amẹ́ríkà, Faransé, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 2013. Ìwé tí bàbá yín gbà yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn?

Ọmọ Ayétòrò: Ó wà. Màá yà á ní fọ́tò lálẹ́ yìí.