Àgbọ̀nrín tó bọ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́: ẹ bá wa tú u palẹ̀

Àjàní: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Àsìkò àgbọ̀nrín ti wọlé, àwọn tí kò tíì dẹ ìgbẹ́ níbí rí sì pọ̀ láàárín wa. Ẹ̀yin àgbà, kí ló ń jẹ́ kí ẹran yọ síwájú ọdẹ, kó tún lọ ní àlàáfíà? Ìtàn kọ́ la fẹ́ o, ohun tí èèyàn lè ṣe sí i ni.

Bàbá Tóyìn: Afẹ́fẹ́ ni àkọ́kọ́. Àgbọ̀nrín lè rí yín kó ṣiyèméjì, ó lè gbọ́ ìró yín kó dúró wò. Tó bá ti gbóòórùn yín, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ á ti máa gba ọ̀dọ̀ ẹran wá bá yín. Ẹ má gbọ́kàn lé ohun tí fóònù bá sọ nìkan. Láàárọ̀ tí oòrùn bá ń mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ máa ń gun òkè lọ. Nírọ̀lẹ́, á ṣàn wálẹ̀ sínú kòtò bí omi. Ìdí nìyí tí ibi tó dáa láàárọ̀ fi lè má dáa nírọ̀lẹ́. Ẹ máa da ìyẹ̀fun díẹ̀ sófuurufú lóòrèkóòrè, kí ẹ wo ibi tó ń gbà.

Ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé náà ńkọ́? Bí ẹ bá la ibi tí àwọn àgbọ̀nrín ti ń jẹun kọjá lókùnkùn, ẹ ti lé wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìyá Ìbejì: Bàbá ti sọ ti imú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́. Ẹ má gbé ìbọn nígbà tí ẹran bá gbórí sókè. Ẹ dúró kí orí rẹ̀ wọ ẹ̀yìn igi, tàbí kó tẹ̀ ẹ́ bọlẹ̀. Ẹlẹ́tàn sì ni: á ṣe bí ẹni fẹ́ jẹun, á tún gbórí wàrà láti wo ẹni tó mira. Ẹ máa ṣọ́ ìrù rẹ̀, ó sábà máa ń jù ú díẹ̀ kó tó gbórí.

Awò orí ìbọn: ẹ fi sí ìlọ́po 3 tàbí 4 látìgbà tí ẹ bá ti jókòó. Tó bá wà ní 9, tí ẹran sì yọ ní mítà 20, irun nìkan lẹ máa rí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá èjìká ni tàbí ìdí. Séfítì náà, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣèèṣì yìn, ẹ má fi àtàǹpàkò tì í gbà! Ẹ fi ìka méjì dì í mú, kí ẹ rọra tì í nígbà tí ẹ bá ti fẹ́ yìn. "Kà" kékeré yẹn ń lé ẹran ju ikọ́ lọ.

Àjàní: Ẹ ṣé, mà. Ibo wá ni ká yìn ín sí? Àwọn kan ní orí.

Bàbá Tóyìn: Ẹ fi orí sílẹ̀. Kì í dúró sójú kan, ọpọlọ rẹ̀ ò sì tóbi. Bí ọta bá gbé àgbọ̀n rẹ̀ lọ, ebi ni yóò pa á kú nínú igbó. Tó bá fi ẹ̀gbẹ́ hàn yín, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú gan-an, ní ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ ikùn sókè. Tó bá kọ ẹ̀yìn díẹ̀ sí yín, ẹ fojú inú wo ẹsẹ̀ iwájú ti òdìkejì, kí ọta máa gba ibẹ̀ jáde. Tó bá kọjú sí yín, sùúrù. Tó bá sì wà lábẹ́ igi tí ẹ gùn gan-an, ẹ jẹ́ kó rìn síwájú, torí láti òkè tààrà, ẹ̀dọ̀ fóóró kan ṣoṣo lẹ máa bà, ìyẹn sì lè rin ìrìn gígùn.

Ṣùgbọ́n tó bá ti dúró dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ẹ yìn. Ẹni tó ń retí kó tún dáa sí i ló máa ń wo ìdí rẹ̀ lọ.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ní tèmi o, ìkánjú lẹ́yìn tí ọta ti bà ló ń sọ ẹran nù jù. Bí ẹ bá ti yìn, ẹ tún ọta kì, kí ẹ máa fojú bá ẹran lọ. Igi tó kọjá lára rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ mọ̀ ọ́n dájú, torí tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, gbogbo igi á jọra wọn. Tó bá ta ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àyà ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá ká ẹ̀yìn kò, tó ń rọra rìn lọ, inú, ìyẹn ikùn, ni.

Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tó lọ wo ibi tó dúró sí. Ẹ̀jẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hó, ẹ̀dọ̀ fóóró ni, kì í sábà jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n dúdú tí kò hó lè jẹ́ ti ẹ̀dọ̀: ẹ padà sẹ́yìn, ẹ fún un ní wákàtí 4. Bí ẹ bá rí koríko tó ti lọ̀ tàbí omi aláwọ̀ ewé tó ń rùn, inú ni: wákàtí 8 sí 12. Ẹran bẹ́ẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ nítòsí, nínú igbó tó dí tàbí lẹ́bàá omi, ibẹ̀ náà ni yóò kú sí. Bí ẹ bá lé e dìde, á jìnnà, ìfun á dí ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní kán mọ́.

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ máa rìn, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi tíṣù sí ojú ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, ẹ wẹ̀yìn wo ìlà tíṣù yẹn, á fi ọ̀nà hàn yín. Ẹ wo ara koríko tó ga dé orúnkún, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan, torí ara rẹ̀ ń fi ẹ̀jẹ̀ ra ibẹ̀. Pé ẹ ò sì rí ẹ̀jẹ̀ kò ní kó jẹ́ pé ẹ ò bà á: ọta tó wọlé lókè tí kò jáde, inú ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà sí.

Àjàní: Wákàtí 12 nínú ooru, ẹ̀gbọ́n? Ṣé kò ní rà ni?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ó lè rà. Bí ooru bá mú tàbí òjò ń bọ̀, ẹ dín in kù sí bíi wákàtí 6, kí ẹ rìn bí ológbò, ìbọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ la inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gé ibi tí ìgbẹ́ bá kàn sọnù, kí ẹ ki yìnyín sínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ láti orí igi náà o: ẹ yọ ọta, ẹ fi okùn sọ ìbọn kalẹ̀, kí bẹ́líìtì tó so yín mọ́ igi wà lára yín títí ẹsẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀.