Ta ló pa adágún náà mọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé.

Lánàá ni ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní California fi gbólóhùn méjì tí wọ́n túmọ̀ ránṣẹ́, tí wọ́n ní ká bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ Lake Merritt ni, omi tó wà láàárín ìlú Oakland. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rèé: "Adágún àtijọ́ inú ọgbà ìtura, tí àtìlẹ́yìn ará ìlú pa mọ́." Àwọn tó ti fèsì ní kò lábùkù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, èmi rí àbùkù níbẹ̀, ọ̀kan sì tóbi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́n àwọn kéékèèké dànù. Bí ìyá mi bá ní kí n pa owó mọ́, abẹ́ ẹní ni mò ń kì í bọ̀. Omi tí èèyàn máa rin máìlì 3.4 kó tó yí i po, abẹ́ ẹní ta ló máa gbà á? Mo mọ̀ pé àwọn oníròyìn ti fi "ìpamọ́" bá wa lò títí ó fi mọ́ wa lára, ṣùgbọ́n "tọ́jú" ò tíì kú. "Àtijọ́" náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá là ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn sì ń sáré yí omi yìí ká láàárọ̀ òní. Ẹ kọ "onítàn", ó tó. "Ọgbà ìtura" kò ní ìjà nínú.

"Adágún" ni mo bá wá. Omi tó dá gún sójú kan, tí kò ṣàn wá, tí kò ṣàn lọ, ni adágún lẹ́nu tèmi. Lake Merritt kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Apá kan òkun ni. Bí omi òkun bá kún, á gba ojú ọ̀nà tóóró kan wọlé. Bó bá fà, á gba ibẹ̀ jáde, omi iyọ̀ sì ni. Irú omi bẹ́ẹ̀ ti lórúkọ lọ́dọ̀ wa tipẹ́: ọ̀sà. N kò tíì rí ará Èkó tó dúró lórí afárá, tó na ọwọ́ sí omi, tó ní "ẹ wo adágún."

Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ṣebí àwọn onílé fúnra wọn ló ń pè é ní "lake"? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bí orúkọ náà ṣe dé. Samuel Merritt, dókítà tó jẹ olórí ìlú Oakland, ní ilẹ̀ létí omi náà. Ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́ ìlú ń ṣàn sínú rẹ̀, bí omi bá sì ti fà báyìí, ẹrẹ̀ á yọ síta, òórùn á gba gbogbo àdúgbò kan. Ní 1868, ó mú kí wọ́n sé ẹnu ọ̀sà náà, kí omi lè dúró bo ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀sà di adágún. Lọ́dún 1870, ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ibẹ̀ di ibi ààbò fún ẹyẹ, kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn níbẹ̀ mọ́. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Wàyí o, kí ni àwọn ará ìlú wá ṣe tí a fi ń yìn wọ́n? Ní 2002, wọ́n dìbò pé kí ìlú yá mílíọ̀nù 198.25 dọ́là, kí wọ́n sì máa san án padà látinú owó orí ilé wọn. Apá ńlá nínú owó yẹn ni wọ́n fi tú ìsédò Òpópónà Kejìlá, tí wọ́n la ojú omi, tí wọ́n sì fi afárá sọdá rẹ̀. Nígbà tó di 2013, ojú ọ̀nà tí Merritt sé ti là. Ìyẹn ni pé wọ́n náwó kí adágún lè padà di ọ̀sà. Bí a bá wá kọ ọ́ pé wọ́n "pa adágún mọ́", a ti yí iṣẹ́ wọn sẹ́yìn. Iṣẹ́ náà ò sì tíì parí. Ní oṣù kẹjọ 2022, nǹkan wẹ́wẹ́ kan tí òyìnbó ń pè ní algae gbèrú nínú omi títí ó fi pọ́n bíi tíì, afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì léfòó. Ẹ lọ bá àwọn tó kó ẹja rírà yẹn sọ̀rọ̀ nípa omi tó dá gún.

Ẹnìkan lè ní iyàtọ̀ omi sí omi ò já mọ́ nǹkan kan lójú òǹkàwé. Ẹ jẹ́ ká wo Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil. Omi kan wà láàárín ìlú Salvador tí wọ́n ń pè ní Dique do Tororó, níbi tí àwọn ère òrìṣà tí Tatti Moreno ṣe ti dúró lójú omi láti 1998. Bó bá di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún, ẹ̀bùn Ọ̀ṣun ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀, nítorí omi dídùn ni; ti Yemọja, wọ́n á gbé e lọ sókun. Àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú ò da omi pọ̀, àwa tí a jókòó sílé la fẹ́ dà á pọ̀? Ẹ pe Dique ní adágún, n ò ní jiyàn. Ògiri tó sé omi náà ni "dique" lédè Potogí, wọn ò fi ìsédò náà bò.

Ó ku "àtìlẹ́yìn". Ẹni tó ń tini lẹ́yìn, ẹlòmíì ló wà níwájú rẹ̀. Níbí, ta ló wà níwájú ará Oakland? Àwọn ló dìbò, àwọn ló ń sanwó, àwọn kan nínú wọn ló sì ń fi àwọ̀n kó pàǹtírí kúrò lójú omi láìgba kọ́bọ̀. Ẹnìkan dábàá "àáró". Rárá o. Oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la ni àáró. Oko kan ṣoṣo ló wà níbí. "Ọ̀wẹ̀" náà ní ẹni tó bẹ̀ ẹ́, tó sì máa se oúnjẹ. Ohun tí mo rí kọ ni: "Ọ̀sà onítàn inú ọgbà ìtura, tí ará ìlú ń fi owó àti ọwọ́ ara wọn tọ́jú." Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.

Ẹ̀gbọ́n, ó ku gbólóhùn yín kejì, lórí iná tó yí omi náà ká: òpó 126, gílóòbù 3,400, tí wọ́n kọ́kọ́ tàn ní 1925, tí wọ́n pa nígbà ogun ní 1941, tí àwọn ará ìlú sì jà fún títí wọ́n fi tún tàn án ní 1987. "Ẹgba ọrùn" ni òyìnbó fi wé, ẹ̀yin wá kọ "ẹ̀wọ̀n iná". Mo ka èyí fún ìyàwó mi, ó ní ṣé ọ̀run àpáàdì ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ ni. Ẹ bá wa fi "ìlẹ̀kẹ̀ iná" rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.