Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá: ibo ni kẹ̀kẹ́ lè gbà létí Odò Ògùn l'Ábẹ́òkúta?

Ọmọ Ìtọ̀kú
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Èmi àti àbúrò mi fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere létí Odò Ògùn láàárọ̀ ọ̀la. Ọjọ́ Ajé ló ń padà sókè òkun, ó sì ní òun ò ní lọ láìrí odò náà dáadáa. Ibo ni ká gbà? Ibo ló léwu?

Aláfárá
Apá ibo nínú odò? Ìsàlẹ̀ gádà Láfẹ́ńwá ni, àbí òkè lọ́hùn-ún lọ́nà Arákàngá? Irú kẹ̀kẹ́ wo lẹ ní? Ṣé àbúrò yín mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa? Ẹ sọ̀rọ̀ o. Láti Ìtọ̀kú, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni títí dé odò, nítorí náà bíréèkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe táyà. Bí ọ̀la bá tún bọ́ sí ọjọ́ ọjà Láfẹ́ńwá, ẹ ti kọjá gádà kí aago méje tó lù. Tí àwọn ọlọ́jà bá ti gba ẹ̀gbẹ́ títì tán, ẹ ò ní ríbi gbà.

Bàbá Àgbà Ìjẹmọ̀
Ọmọ mi, má retí ọ̀nà tó tẹ̀ lé odò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí irú ẹ̀. Ẹ̀ ń rí odò, ẹ̀ ń pàdánù rẹ̀, ẹ tún ń rí i ni. Ẹ kọ́kọ́ dúró lórí gádà Láfẹ́ńwá kẹ́ ẹ wo omi. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àpáta inú odò máa ń yọrí. Ní báyìí tí òjò ń rọ̀, omi pupa nìkan lẹ máa rí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dojú kọ òkè lọ́nà Arákàngá, níbi tí wọ́n ti ń fa omi tí ìlú ń mu. Ibi tẹ́ ẹ bá rí àwọn apẹja, ẹ kí wọn, ẹ bi wọ́n bí ilẹ̀ ṣe rí. Wọn ò ní tàn yín.

Ìyá Ìbejì
Ẹ má lọ sétí odò yẹn o! Mo bẹ yín ni. Èmi àti ọmọ mi gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà tí ọkọ̀ típà fi ń kó yanrìn. Koríko hù síbẹ̀, ilẹ̀ le lójú, kò sóhun tó jọ ewu. Ọmọ ló ṣíwájú. Àfi gbìì! Etí odò ya lulẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, nítorí wọ́n ti wa yanrìn ìsàlẹ̀ kúrò, ilẹ̀ òkè nìkan ló ṣẹ́ kù. Òun àti kẹ̀kẹ́ ló jọ wọnú omi. Àwọn ọkùnrin kan tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ló ju okùn sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kán. A ò rí kẹ̀kẹ́ náà mọ́ dòní. Tí mo bá gbọ́ ariwo omi báyìí, àyà mi á já.

Tánímọ̀la
Yéè! Ẹ kú ewu, màámi. Ṣé ọwọ́ ọmọ náà ti san?

Ìyá Ìbejì
Ó ti san, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Ṣùgbọ́n kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́.

Aláfárá
Ọmọ Ìtọ̀kú, ṣé ẹ rí i? Ẹ mú àbúrò yín lọ síbòmíràn.

Ọmọ Àró
Ẹ kú ewu o, màámi. Ṣùgbọ́n ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru yanrìn. Omi tó ń bọ̀ láti ìsédò Ọ̀yán ńkọ́? Láti 1983 tí wọ́n ti ṣí i ni wọ́n ti máa ń tú omi sílẹ̀ nígbà òjò tí adágún bá kún. Odò Ọ̀yán sì ń wọ inú Ògùn kí Ògùn tó dé ìlú wa. Omi tẹ́ ẹ rí lọ́jọ́ Ẹtì lè má jẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa bá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí òjò ò tiẹ̀ rọ̀ ní Abẹ́òkúta rárá.

Oníyanrìn
Iṣẹ́ yanrìn ni mò ń ṣe. Àárín odò la ti ń wà á, àwọn òmùwẹ̀ wa ló ń fi garawa gbé e sókè. Àwọn tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ odò ló ń ba orúkọ wa jẹ́. Ẹ má pa wá pọ̀.

Ìyá Ìbejì
Ọmọ mi ò mọ èwo ni tàárín, èwo ni tẹsẹ̀ odò, nígbà tó já sómi.

Oníyanrìn
Ẹ má bínú, màámi. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ kí Ọmọ Ìtọ̀kú gbọ́ ni pé ibi tí típà bá ti ń wọlé, kẹ́ ẹ jìnnà sétí. Ibi tí koríko ti sán lójijì, tàbí tí ilẹ̀ ti là tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ yí padà.

Ẹlẹ́wà Àdìrẹ
Kí ló dé tẹ́ ò gun òkè Olúmọ? Ẹ gun Olúmọ, ẹ máa rí gbogbo ìlú pẹ̀lú odò láti òkè. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ra àdìrẹ fún un ní ọjà Ìtọ̀kú kó gbé e lọ sókè òkun.

Tánímọ̀la
Ọmọ Ìtọ̀kú ló ń béèrè o, ẹ̀gbọ́n. Inú àdìrẹ ni wọ́n bí i sí.

Ọmọ Ìdí Ọkọ̀
Ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ńkọ́? Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Ìddó ní 1896. Òun náà sọdá odò, ó sì tẹ́jú.

Bàbá Àgbà Ìjẹmọ̀
Rárá! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ sórí afárá rélùwéè. Kò síbi tẹ́ ẹ máa yà sí tí nǹkan bá dé lójijì.

Ọmọ Ìdí Ọkọ̀
Mi ò ní kí wọ́n gun afárá, bàbá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn.

Bàbá Àgbà Ìjẹmọ̀
Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ ò ní gbà á.

Ọmọ Ìtọ̀kú
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ má bínú pé mi ò tètè fèsì, iná lọ. Kẹ̀kẹ́ bàbá wa méjì ni a fẹ́ gùn, àwọn onírin gíga àtijọ́. Ẹni ogún ọdún ó lé ni àbúrò mi, ojoojúmọ́ ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́hùn-ún.

Màámi, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní odò yìí ni ìyá wa ti máa ń fọ aṣọ, òun ò lè kúrò láìfọwọ́ kan omi rẹ̀. Nítorí náà a máa lọ. A ò ní wọ ọ̀nà típà rárá, a ò sì ní dé Arákàngá. Gádà Láfẹ́ńwá la máa kọ́kọ́ dúró sí, lẹ́yìn náà a ó fẹsẹ̀ rìn, ká máa ti kẹ̀kẹ́, lọ sí ibi tí àwọn apẹja bá fi hàn wá. Aago mẹ́fà àbọ̀ la máa jáde.

Aláfárá
Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtọ̀kú! Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníkẹ̀kẹ́ lálẹ́ yìí, kó pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì iwájú àti ẹ̀yìn. Má dúró di àárọ̀.

Ìyá Ìbejì
Tẹ́ ẹ bá dé ilé, ẹ kọ ọ́ síbí. Mi ò ní lè ṣe nǹkankan títí màá fi rí i.