Kí ni ọdẹ tòlótòló ń ṣe kí ìgbà ìrúwé tó padà dé?

Ọmọ Ọdẹ, Georgia:

Mo kí ẹ̀yin àgbà ọdẹ, mo sì kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣọdẹ tòlótòló igbó ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà tí mo ń gbé, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ bí ènìyàn ṣe ń la oṣù bíi mẹ́wàá tó wà láàárín àsìkò kan sí èkejì kọjá. Ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ni òfin fi òpin sí ọdẹ wa, akọ 2 péré sì ni ẹnì kan lè pa lọ́dún. Mo pa 1. Èkejì ń dá mi lóhùn fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko láìjẹ́ kí n fojú kàn án, títí àsìkò fi tán. Láti ìgbà náà, bí aago mẹ́rin ìdájí bá ti lù, ojú mi á là. Mo máa ń bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo máa ń dúró nínú òkùnkùn, mo sì máa ń dẹtí sí igbó. Ìyàwó mi rò pé ìrònú ilé ló ń dà mí láàmú. Kì í ṣe ẹran ló ń wù mí, ẹran wà lọ́jà. Àfẹ̀mọ́júmọ́ yẹn ló ń wù mí, nígbà tí òwìwí bá ké, tí akọ tòlótòló sì dá a lóhùn láti orí igi tó sùn sí, tí ilẹ̀ kò sì tíì mọ́ tó láti rí ọwọ́ ara ẹni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀yin ń ṣe sí i?

Bàbá Ọdẹ, Missouri:

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Ní Missouri níbí, ọdẹ àṣejù àti igbó pípa ti jẹ́ kí tòlótòló igbó dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ti àsìkò ọdẹ rẹ̀ pa ní 1937, wọn kò sì ṣí i padà títí di 1960. Ọdún 23 ni! Ẹni tó jẹ́ géńdé nígbà tí wọ́n tì í ti ń hewú kí ó tó tún gbé ìbọn sí èjìká nítorí ẹyẹ yìí. Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti dá èyí tí wọ́n sìn nínú ọgbà sínú igbó, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹyẹ ọgbà kò mọ ọ̀tá rẹ̀. Èyí tí wọ́n mú láàyè láti inú igbó kan, tí wọ́n sì kó lọ sí igbó mìíràn, ni ó bí sí i. Ní South Carolina, ní 1951, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀tù yin àwọ̀n ńlá bo agbo wọn níbi tí wọ́n bá ti ń jẹun, láti ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà ti yára káàkiri Amẹ́ríkà. Mo ń rántí àwọn tó dúró yẹn nígbàkigbà tí ara mi bá ń wá igbó.

Ní báyìí, ohun tí mò ń ṣe ni pé mo ń ka ọmọ wọn. Abo a máa yé ẹyin bíi 10 sí 12, a sì sàba lé wọn fún ọjọ́ 28. Ọmọ rẹ̀ kò lè fò wọ̀ sórí igi títí yóò fi tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà orí ilẹ̀ ló ń sùn lábẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀, níbi tí òjò tútù kan ṣoṣo tàbí raccoon kan, ẹranko igbó kékeré tó ń pa ọmọ ẹyẹ jẹ, ti lè pa gbogbo agbo náà rẹ́. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, ìjọba wa ń bẹ ará ìlú pé kí wọ́n ka iye abo àti iye ọmọ tí wọ́n bá rí, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́. Ti Georgia náà wà, wá a kàn. Lọ sí etí pápá tí kòkòrò àti tata pọ̀ sí, torí ohun tí àwọn ọmọ náà ń jẹ nìyẹn. Akọ tí o bá kà lọ́mọdé lónìí ni yóò máa ké lórí igi ní ọdún méjì sí i.

Ìyá Ìbejì, Virginia:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ni àsìkò ti ń tán pátápátá. Virginia níbí ní ọdẹ ìgbà ìwọ́wé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Missouri ní oṣù Kẹwàá. Kò jọ ti ìgbà ìrúwé rárá: akọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ké, a máa ń tú agbo ká, a ó jókòó jẹ́ẹ́, a ó sì máa súfèé bí ọmọ tó ń wá ìyá rẹ̀ títí wọn yóò fi kó ara wọn jọ padà. Bí ẹ bá lè rìnrìn àjò, ẹ wá gbìyànjú rẹ̀.

Láti inú egungun ìyẹ́ apá abo tí mo bá pa nígbà náà ni mo ti ń ṣe fèrè ìpè mi lóṣù Kíní, èyí tí a fi ń ṣe bí ohùn abo kí akọ lè wá. Egungun mẹ́ta ni. Ẹ óò sè wọ́n, ẹ óò yọ mùdùnmúdùn inú wọn, ẹ óò gé wọn, ẹ óò sì ki ọ̀kan bọ inú èkejì. A kì í fẹ́ ẹ bí fèrè, ṣe ni a ń fi ètè fà á. Ó gbà mí ní ọdún méjì kí ó tó dún bí ohùn abo. Ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kọ́ ìpè nínú ọkọ̀ tàbí nínú ilé, kí ẹ má ṣe lọ máa dán an wò nínú igbó tí ẹ fẹ́ ṣọdẹ kí àsìkò tó dé, nítorí pé akọ tó bá ti wá tí kò bá abo kò ní yára gbà yín gbọ́ mọ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, Texas:

Ọdẹ ni bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń gbóná, nígbà tí iná bá ti jó pápá. Bí òjò bá dé, oko ni ó ń ro, lálẹ́ a sì máa tú ìbọn rẹ̀ palẹ̀, a máa fi epo nù ún, a máa sun ìjálá fún wa. N kò rò pé ó ka oṣù wọ̀nyẹn sí àsìkò tó ṣófo. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki tòlótòló igbó fún àwọn ọmọ mi níbí, lórí ohùn ìjálá: irùngbọ̀n tó so mọ́ àyà, orí tó ń pọ́n tó tún ń funfun bí inú rẹ̀ bá ti rí. Àwọn ọmọ náà ti ń gbè é.

Ọmọ Ọdẹ, Georgia:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá, ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, àti ìwọ ará Ìsẹ́yìn. Ní Sátidé, mo mú ìyàwó mi àti ọmọ wa obìnrin lọ sí etí pápá kan lẹ́yìn tí ìrì ti gbẹ. A jókòó fún bíi wákàtí méjì. Abo kan jáde, ọmọ rẹ̀ 7 tẹ̀ lé e nínú koríko, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí wọ́n ti ń ṣa tata jẹ. Ìyàwó mi ló kà wọ́n, ọmọ wa ló kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìyàwó mi bi mí bóyá a lè wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wò ó bóyá wọ́n ṣì pé 7.