Ìbéèrè ọmọ iṣẹ́ kan ló sọ ṣọ́ọ̀bù wa di ilé ẹ̀kọ́

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Ayé kabúrétọ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ni mo kọ́ṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé etí la fi ń mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò: ọ̀gá mi á ní ká tẹná mọ́ ọn, á dẹ etí, á sì sọ ibi tí ìyọnu wà. Ìgbà tí mọ́tò oní-injector, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí bó ṣe ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, gba ìgboro, etí nìkan ò tó mọ́. Láti ọdún 1996 ló ti di dandan fún mọ́tò tí wọ́n bá tà l'Ámẹ́ríkà kó ní ojú OBD2 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú oníhò 16 tí à ń ki sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe mọ́tò, bọ̀. Ọ̀hún náà sì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá.

Ọmọ iṣẹ́ wa kan wà, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni "Ọ̀gá, kí ló fà á?" Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé Camry kan wá, iná "check engine" ń tàn. Sìkánà gbé kóòdù P0171 jáde, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wa, kí oníbàárà lọ ra sensor afẹ́fẹ́ tuntun, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, ló kàn. Ọmọ yìí ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó sọ pé sensor ló bàjẹ́ ni, àbí ohun tó rí ló ń sọ?"

Inú mi dùn débi pé mo dá iṣẹ́ yòókù dúró. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí brain box, kọ̀ǹpútà mọ́tò, rí ni kóòdù ń sọ, bí ìgbà tí aláìsàn ní orí ń fọ́ òun. Ìdí rẹ̀ ku ẹni tó máa wá a. Afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn sensor wọlé, pọ́ǹpù lè má gbé epo tó, injector sì lè dí. Mo ní kó po omi ọṣẹ. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sára rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé. Bó ṣe kan ibi tí rọ́bà náà ti wé jọ, omi fà wọlé, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Ó ti ya níbẹ̀ tín-ín-rín; béèyàn ò bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò ní lanu. Rọ́bà la pààrọ̀, iná kú.

Látìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Sátidé la máa ń jókòó ti àwọn ohun tá a tú lọ́sẹ̀. A kì í tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin láìjẹ́ pé a là wọ́n wò. Pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, à ń tò ó sílẹ̀ bó ṣe wà nínú ẹ́ńjìnnì, ká wo èyí tó dúdú, èyí tó funfun, èyí tí òróró rin. Ẹni tó bá mọ ìdí á sọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á wá a lọ sórí YouTube, á sì ròyìn fún wa ní Mọ́ńdè. Èmi náà ń ròyìn tèmi.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kò yẹ kí ọ̀gá sọ "mi ò mọ̀" níwájú ọmọ iṣẹ́. Mi ò gbà fún wọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ọmọ yẹn ti ṣe fíríìdọ̀mù báyìí, àmọ́ ó ṣì ń wá lọ́jọ́ Sátidé. Hybrid, mọ́tò tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀, la dojú kọ báyìí. Iná bátìrì Prius, tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ju 200 fóòtì (volt) lọ, ó lè pààyàn, nítorí náà a ò tíì fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tú u, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ yín, irú ìbọ̀wọ́ wo lẹ sì ń lò?